Orí Kẹfà: Èròjà Inú Ewé àti Eegun Tó Ń Fúyẹ́

Ẹkùn Bassila wà ní ìpínlẹ̀ Donga, ní orílẹ̀-èdè Benin, lójú ọ̀nà tó ti Savalou àti Bantè gòkè lọ sí Djougou. Ọ̀nà mẹ́rin ni ìjọba pín in sí: Bassila fúnra rẹ̀, Manigri, Pénéssoulou àti Alédjo. Èdè Anii ni àwọn onílẹ̀ ń sọ ní Bassila. Ní Manigri, ẹ̀ka èdè Yorùbá ni, èyí tí wọ́n jọ ń sọ pẹ̀lú àwọn ará Kambolé lódì kejì ààlà, ní Togo. Àwọn Kotokoli ń bẹ níbẹ̀, àwọn Fúlàní darandaran náà sì ń bẹ. Ilẹ̀ iṣu ni, ilẹ̀ kajú, ilẹ̀ òrí àti igi irú. Lórí àtẹ ọjà àgbègbè yìí ni sóyà, àlùbọ́sà, ewé osè gbígbẹ, irú, àti wàrà Fúlàní tí wọ́n ti pa láró pupa.

Orí yìí mú àwọn nǹkan ọjà wọ̀nyẹn wá síwájú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí a lè mọ èyí tó ń ṣe eegun lóore, bó ṣe ń ṣe é, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gidigidi. Ìyá àgbà yóò yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, irú ìṣubú tí ọmọdé yóò dìde níbẹ̀ tí yóò sì máa sáré lọ, eegun ìbàdí rẹ̀ yóò sì ṣẹ́. Ẹlòmíràn yóò bẹ̀rẹ̀ gbé garawa omi, ọ̀kan nínú eegun ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì rún. Àwọn ará ilé á ní ọwọ́ ayé ni, tàbí kí wọ́n ní ọjọ́ ogbó ló dé. Àrùn ni, ó ní orúkọ, ó sì ní ọ̀nà tí a fi ń dènà rẹ̀. Ọ́sítíopòrósìsì ni àwọn dókítà ń pè é. Àrùn eegun oníhò ni a ó máa pè é nínú ìwé yìí.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eegun àti àwọn tó ń mọ ọ́n

Eegun tó wà lára alààyè kì í ṣe ohun òkú. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Èkíní ni osteoclast, tí a ó pè ní ajẹ-eegun: ó ń tu ásíìdì àti ẹ́ńsáìmù kan tí ń jẹ́ cathepsin K sórí eegun àtijọ́, ó sì ń yọ́ ọ. Èkejì ni osteoblast, amọ-eegun: ó ń tẹ́ purotéènì tí ń jẹ́ collagen sínú ihò tí ajẹ-eegun fi sílẹ̀, kálísíọ́mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì á sì gan mọ́ ọn. Iṣẹ́ wọn dà bíi ti ẹni tó ń tún ògiri amọ̀ ṣe lẹ́yìn òjò: ó ní láti kọ́kọ́ ha ibi tó ti jẹrà kúrò kó tó rẹ́ amọ̀ tuntun mọ́ ọn. Lójú kan ṣoṣo, iṣẹ́ yìí lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó parí. Ẹ fi iye oṣù yìí sọ́kàn. Òun ló fà á tí ìdánwò oògùn eegun fi máa ń gba ọdún kan, méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá sì ní àgbo òun ń wo àrùn eegun oníhò sàn ní ọjọ́ méje, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè jẹ́ òótọ́.

Títí di nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mímọ ń borí jíjẹ. Lẹ́yìn náà ni jíjẹ ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á díẹ̀díẹ̀. Lára obìnrin, họ́mọ̀nù ẹ́sítírójìn ló ń kó ajẹ-eegun níjàánu. Nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, ẹ́sítírójìn á lọ sílẹ̀, eegun á sì máa dínkù kíákíá. Obìnrin lè pàdánù tó ìdá 20 nínú 100 eegun rẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Ọkùnrin kò yọ sílẹ̀, tiwọn kàn ń falẹ̀ ni. Àwọn tó ń lo oògùn prednisolone tàbí dexamethasone fún ìgbà pípẹ́ náà wà nínú ewu, títí kan àwọn tó ń rà á lábẹ́ igi lọ́jà nítorí kí wọ́n lè sanra. Ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láìfi bò: ara tó ń kún lójú yẹn, eegun inú rẹ̀ ń tán lọ.

Ohun tó ń pe ajẹ-eegun síṣẹ́ ni purotéènì kan tí ń jẹ́ RANKL, ìdílé amọ-eegun ló sì ń ṣe é. Ìdílé kan náà ló ń ṣe purotéènì kejì, OPG, tó ń dá RANKL lọ́nà. Bí RANKL bá pọ̀ ju OPG lọ, eegun ń dínkù. Oògùn denosumab, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2010, ń dí RANKL lọ́nà bí OPG ṣe ń ṣe. Púpọ̀ nínú èròjà ewé tí a ó dárúkọ nísàlẹ̀ ló ń fọwọ́ kan ọ̀nà yìí kan náà.

Àrùn yìí kì í dunni títí eegun yóò fi ṣẹ́. Ẹ̀rọ DXA ni wọ́n fi ń wọn ìwọ̀n eegun. Ní ọdún 1994 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà sí i: ẹni tí T-score rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n eegun rẹ̀ bí a bá fi wé ti ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, bá jẹ́ −2.5 tàbí tó relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, àrùn náà ti wà lára rẹ̀.

Sóyà

Sóyà kì í ṣe irúgbìn àtayébáyé wa. Ìlà oòrùn Éṣíà ló ti wá, ó sì ti di ọjà ńlá fún àgbẹ̀ Benin. Àwọn obìnrin ń fi ṣe wàrà sóyà, wọ́n ń dín in tà lójú pópó. Àwọn mìíràn ń fi ṣe irú. Èròjà tí ń jẹ́ isoflavone ló sọ ọ́ di olókìkí láàárín àwọn tó ń wádìí eegun, pàápàá méjì nínú wọn, genistein àti daidzein. Genistein fara jọ ẹ́sítírójìn débi pé ó lè so mọ́ ibi tí ẹ́sítírójìn ń so mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Irú ibi bẹ́ẹ̀ pín sí méjì, alpha àti beta. Alpha ló gbilẹ̀ jù nínú ilé ọmọ. Beta ni genistein fẹ́ràn jù, beta sì ń bẹ nínú eegun.

Ìrètí tó ti ibẹ̀ jáde ga púpọ̀, ìdí sì wà fún un. Ní ọdún 2002, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, Women's Health Initiative, dá ìdánwò ẹ́sítírójìn pẹ̀lú progestin dúró kó tó pé ọjọ́. Họ́mọ̀nù náà dín ìṣẹ́-eegun kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ọmú àti rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lò ó. Ọ̀pọ̀ obìnrin pa họ́mọ̀nù tì, wọ́n sì ń wá ohun tí yóò ṣe eegun lóore láìmú ewu yẹn wá. Ojú gbogbo ayé yí sí sóyà.

Ní ọdún 2007, Marini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì gbé àbájáde kan jáde. Obìnrin 389 tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, tí eegun wọn sì ti ń fúyẹ́, ló kópa. Wọ́n fún apá kan ní mílígíráàmù 54 genistein lójúmọ́, wọ́n sì fún apá kejì ní oògùn àfarawé tí kò ní èròjà nínú. Apá méjèèjì ló ń gba kálísíọ́mù àti fítámì D. Lẹ́yìn oṣù 24, eegun ẹ̀yìn àwọn tó lo genistein ti nípọn sí i, ti àwọn yòókù sì ti lọ sílẹ̀. Bí a bá dúró síbẹ̀, a ó ní ọ̀ràn ti tán. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2011, Levis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Miami fún àwọn obìnrin ní mílígíráàmù 200 isoflavone sóyà lójúmọ́ fún ọdún méjì. Obìnrin 248 ni wọ́n lò, ọdún márùn-ún tí nǹkan oṣù wọn ti dúró kò sì tíì kọjá. Eegun wọn ń dínkù gẹ́gẹ́ bíi ti àwọn tó mu oògùn àfarawé.

Kí ló dé tí ìwádìí méjì fi yàtọ̀ báyìí? Ohun tí wọ́n fún wọn kì í ṣe ọ̀kan náà: genistein nìkan níbì kan, àdàlù isoflavone níbòmíràn. Àwọn obìnrin náà kì í ṣe ọ̀kan náà: ní Ítálì, eegun wọn ti fúyẹ́ tẹ́lẹ̀, ní Miami, wọ́n wà ní ìgbà tí eegun ń sáré dínkù jù lọ. Ohun kẹta wà nínú ìfun. Àwọn bakitéríà kan ń sọ daidzein di equol, èròjà tó lágbára jù ú lọ. Nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló ní bakitéríà wọ̀nyí. Ní Japan àti Ṣáínà, ó tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn méjì lè jẹ abọ́ sóyà kan náà kí àǹfààní má dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ ipriflavone tún le ju ìyẹn lọ. Ilé iṣẹ́ oògùn ni wọ́n ti ṣe é, lórí àpẹẹrẹ isoflavone. Ó dára lára eku, ó dára nínú ìdánwò kéékèèké. Ní ọdún 2001 ni ìdánwò tó fi obìnrin 474 ṣe fún ọdún mẹ́ta jáde: kò dá eegun dúró, ó sì dín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbèjà ara kù lára àwọn kan nínú wọn. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ di olùwádìí ewé rántí ipriflavone nígbàkígbà tó bá gbọ́ pé eku gbádùn oògùn kan. Eku tí wọ́n ti yọ ilé ẹyin rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò, ìwọ̀n tí wọ́n ń fún un sì máa ń pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè jẹ lọ, bí a bá fi ìwúwo ara wọn wé ara.

Àlùbọ́sà àti àwọn mìíràn

Ní ọdún 1999, Mühlbauer àti Li ní Bern, ní Swítsálándì, tẹ̀ ẹ́ jáde pé eku tó ń jẹ gíráàmù kan àlùbọ́sà lójúmọ́ ní eegun tó nípọn ju ti àwọn tí kò jẹ ẹ́ lọ. Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí láti Bern bákan náà yọ èròjà kan jáde nínú àlùbọ́sà, GPCS, tó ń dín iṣẹ́ ajẹ-eegun kù nínú àwo ìwádìí. Àlùbọ́sà tún ní quercetin, èròjà aláwọ̀ pupa-rúsúrúsú tó ń pọ̀ jù ní èèpo ìta, èyí tí a máa ń dànù. Malanville ni ọ̀pọ̀ àlùbọ́sà Benin ti ń wá, kò sì wọ́n ní Bassila.

Ní Ṣáínà, àdàlù èròjà láti inú ewé Epimedium, èyí tí icariin pọ̀ jù nínú rẹ̀, ni wọ́n dán wò. Obìnrin 100 ló bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà, àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2007, eegun ìbàdí àti ti ẹ̀yìn àwọn tó lò ó kò sì dínkù bíi ti àwọn yòókù lẹ́yìn ọdún méjì. Ó dára, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ènìyàn kéré láti fi mọ̀ bóyá ìṣẹ́-eegun gan-an dínkù. Èso prune, tí wọ́n ń sá gbẹ ní Amẹ́ríkà, ti kọjá ìdánwò tó tóbi jù ú lọ ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní ọdún 2022: obìnrin 235 ló kópa. Àwọn tó jẹ gíráàmù 50 lójúmọ́ fún ọdún kan, eegun ìbàdí wọn kò yẹ̀. Àwọn tí wọ́n fún ní gíráàmù 100, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè jẹ ẹ́ títí dópin.

Irú, nátò àti fítámì K

Ibí yìí ni mo rí i pé ó kàn wá jù lọ, àwọn ìwé tó ń sọ̀rọ̀ nípa èròjà ewé kì í sì í mẹ́nu bà á.

Ní Japan, wọ́n ń se sóyà, wọ́n ń fi bakitéríà Bacillus subtilis sí i, ó ń yọ̀, ó ń rùn, ó ń fà. Nátò ni orúkọ rẹ̀. Bakitéríà náà ń ṣe fítámì K2 nínú rẹ̀, irú èyí tí ń jẹ́ MK-7. Iṣẹ́ fítámì K lára eegun yé wa dáadáa: ó ń tún purotéènì kan tí ń jẹ́ osteocalcin ṣe kó lè di kálísíọ́mù mú. Láìsí i, osteocalcin á wà, ṣùgbọ́n kò ní lè dì í mú dáadáa. Ní ọdún 2001, Kaneki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn MK-7 nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin. Ti àwọn ará Tokyo, níbi tí wọ́n ti ń jẹ nátò púpọ̀, ju ti àwọn ará Hiroshima lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n wo gbogbo ẹkùn Japan, ibi tí nátò bá ti pọ̀, ìbàdí ṣíṣẹ́ kéré níbẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé àfiwé ẹkùn sí ẹkùn ni èyí. Ó lè jẹ́ pé ohun mìíràn tún yà wọ́n sọ́tọ̀ yàtọ̀ sí nátò.

Irú tiwa ńkọ́? Ní ọdún 1981, Odunfa ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣe àyẹ̀wò àwọn kòkòrò àìfojúrí inú irú tí wọ́n fi èso igi irú ṣe. Bacillus subtilis ló borí. Ní Benin, Azokpota àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Abomey-Calavi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí afitin, irú àti sonru, oríṣi irú mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ẹbí Bacillus náà ni wọ́n sì bá nínú wọn. Àwọn ìyá tó ń se irú ní Manigri, tí wọ́n ń bó o, tí wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀ kó lè mú, ń sin bakitéríà tó jẹ́ ìbátan ti inú nátò. Àǹfààní mìíràn wà nínú mímú yìí: nínú irú sóyà, ó ń já ṣúgà tó so mọ́ genistein kúrò, kí ara lè tètè gbà á, ó sì ń dín phytate kù, èyí tó máa ń di kálísíọ́mù mú nínú hóró. Bí a bá ń wá iṣẹ́ ìwádìí tó yẹ ọmọ Manigri tàbí ọmọ Bassila ní yunifásítì, wíwọn MK-7 nínú irú ìlú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Ìkìlọ̀ kan nìyí: ẹni tó ń lo warfarin nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé fi fítámì K kún oúnjẹ rẹ̀ láìsọ fún dókítà.

Kálísíọ́mù tó wọ inú eegun

Kò sí èròjà ewé tó lè mọ eegun láìsí ohun tí yóò fi mọ ọ́n. Ní Jos, ní Nàìjíríà, Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú ọmọ 123 tí ẹsẹ̀ wọn ti wọ́ nítorí ríkẹ́ẹ̀tì, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1999. Gbogbo ènìyàn rò pé fítámì D ni kò tó. Ó wá hàn pé kálísíọ́mù ni: nǹkan bí mílígíráàmù 200 péré ni àwọn ọmọ náà ń rí jẹ lójúmọ́. Àwọn tí wọ́n fún ní kálísíọ́mù, pẹ̀lú fítámì D tàbí láìsí i, sàn ju àwọn tí wọ́n fún ní fítámì D nìkan.

Keneba ní Gambia ló ń mú ọ̀rọ̀ náà le. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ann Prentice àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi wádìí eegun àwọn obìnrin abúlé náà. Kálísíọ́mù tí wọ́n ń jẹ kò ju mílígíráàmù 300 sí 400 lọ lójúmọ́, eegun wọn kò nípọn tó ti àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ìbàdí ṣíṣẹ́ ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Iṣẹ́ oko, ẹrù orí, rírìn lójoojúmọ́ wà lára ohun tí wọ́n rò pé ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ọdún 2010, Jarjou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí kò sẹ́ni tó retí: àwọn aboyún Gambia tí wọ́n fún ní mílígíráàmù 1500 kálísíọ́mù lójúmọ́ ní eegun tó kéré sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lẹ́yìn ìbímọ. Ara tó ti mọ bí a ṣe ń fi díẹ̀ gbé ìgbésí ayé lè dàrú bí a bá ṣàdédé da púpọ̀ lé e lórí. Nítorí náà, mo fẹ́ oúnjẹ ju hóró oògùn lọ fún ẹni tí ara rẹ̀ le.

Oúnjẹ yẹn sì wà ní Bassila. Ewé osè gbígbẹ àti ewé mòríngà ní kálísíọ́mù púpọ̀. Wàrà Fúlàní ń kó kálísíọ́mù mílíkì màlúù jọ sínú ohun tí kì í tètè bàjẹ́. Oje bomubómu ni wọ́n fi ń mú mílíkì náà dì, ewé yìí sì jẹ́ májèlé fún ọkàn bí ó bá pọ̀. Ìwọ̀n kékeré ni ìyá Fúlàní ń lò, ó sì ń gbé e kaná dáadáa. Àwọ̀ pupa rẹ̀ ń wá láti ara ewé ọkà bàbà, apigeninidin ni èròjà náà ń jẹ́. Àpẹẹrẹ ni obìnrin yìí fún gbogbo ẹni tó ń fi ewé ṣiṣẹ́: ó mọ ewé, ó mọ ibi tó dára dé, ó sì mọ iye rẹ̀.

Ìwọ̀n yìí ni àwọn ìwé àkójọ ewé kì í sábà sọ. Ní ọdún 1989, Adjanohoun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìmọ̀ ewé àwọn oníṣègùn Benin jọ sínú ìwé. Ní ọdún 1995, Pierre Verger gbé ìwé Ewé jáde. Ìṣúra ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n orúkọ igi àti ọ̀nà tí wọ́n fi ń sè é ni ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó yọ èròjà, a ó wọ̀n ọ́n, a ó dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì, lára ẹran, lẹ́yìn náà lára ènìyàn pẹ̀lú oògùn àfarawé, fún ọdún méjì ó kéré tán. Ẹni tí eegun rẹ̀ bá ti ṣẹ́ látàrí ìṣubú kékeré kò gbọ́dọ̀ dúró de èyí. Oògùn alendronate ti wà láti ọdún 1995, ó sì ń dín ìṣẹ́-eegun kù. Kó lọ sí ilé ìwòsàn, kó máa jẹ irú rẹ̀, kó máa rìn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Gíráàmù 100 wàrà sóyà kan ní mílígíráàmù 13 genistein. Wàrà mélòó ni obìnrin kan ní láti jẹ lójúmọ́ kó tó rí mílígíráàmù 54 tí wọ́n lò ní Ítálì? Kọ èrò rẹ sílẹ̀ bóyá ẹnì kan lè jẹ iye yẹn fún ọdún méjì.

Lọ bá ìyá kan tó ń ṣe irú ní àdúgbò rẹ, kí o sì kọ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Sàmì sí ibi tí Bacillus ti ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí phytate ti ń dínkù.

Yan ewé kan tí wọ́n ń lò fún ìrora eegun ní ìlú rẹ. Ṣètò ìdánwò tí yóò fi hàn bóyá ó ń dín ìfúyẹ́ eegun kù lára ènìyàn: iye ènìyàn, iye oṣù, ohun tí ẹgbẹ́ kejì yóò máa mu, àti ewu tí o ó máa ṣọ́ lára wọn. Ṣàlàyé ìdí tí oṣù méjì kò fi tó.